Ọjọ́ Kan Lórí Kánáàlì Llangollen

Láti abúlé Trevor dé ìlú kékeré Chirk, ní àríwá ìlà-oòrùn Wales, ẹni tó wa mọ́tò kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú 20 lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá gba orí kánáàlì lọ yóò lo nǹkan bíi wákàtí 2. Bí ọkọ̀ bá pọ̀ lójú omi, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nínú wákàtí 2 yẹn, ọkọ̀ rẹ̀ yóò gba orí afárá kan tó fi mítà 38 ga ju odò ìsàlẹ̀ lọ, yóò wọ inú òkè lẹ́ẹ̀mejì, yóò jáde lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì tún gba orí afárá mìíràn kúrò ní Wales bọ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lórí ìrìn-àjò yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lónìí: bí ìdílé tàbí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ ṣe lè ṣètò rẹ̀ ní ọjọ́ kan, kí wọ́n gba ọkọ̀ láàárọ̀, kí wọ́n sì dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ibẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Birmingham, Manchester àti Liverpool lè jí ní ilé wọn, kí wọ́n débẹ̀ kí oòrùn tó mú, kí wọ́n sì padà wá sùn sórí ibùsùn wọn. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Birmingham gba Shrewsbury lọ sí Chester máa ń dúró ní Chirk àti ní Ruabon. Ibùdókọ̀ Chirk súnmọ́ kánáàlì náà débi pé ẹsẹ̀ ni èèyàn máa fi rìn débẹ̀. Ti Ruabon ló wà lápá Trevor, ṣùgbọ́n yóò gba takisí tàbí bọ́ọ̀sì kí èèyàn tó dé èbúté. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Manchester tàbí Liverpool lè wọkọ̀ dé Chester, kó pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀.

Kánáàlì kì í ṣe odò tí Ọlọ́run dá. Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ, pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti kẹ̀kẹ́ ẹrù, ní àkókò tí ọkọ̀ ojú irin kò tíì sí, tí ojú títì sì jẹ́ kìkì ẹrẹ̀. Ẹṣin kan ṣoṣo tó ń rìn ní etí omi lè fa ẹrù tí ọ̀pọ̀ ẹṣin kò lè fà lórí ilẹ̀. Èyí ló mú kí àwọn oníṣòwò edu, òkúta ẹfun àti irin kó owó jọ láti gbẹ́ omi gba àárín oko kọjá. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, ẹrù sá kúrò lórí omi díẹ̀díẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe fàájì ló wá gba ojú omi náà. Lónìí, àjọ Canal & River Trust, tó gba iṣẹ́ náà ní ọdún 2012, ló ń bójú tó nǹkan bíi máìlì 2,000 kánáàlì àti odò ní England àti Wales.

Kánáàlì Llangollen tí à ń sọ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1793, nígbà tí Ilé Aṣòfin fọwọ́ sí òfin tó dá ilé-iṣẹ́ Ellesmere Canal sílẹ̀. Èrò wọn tóbi: wọ́n fẹ́ so odò Mersey, odò Dee àti odò Severn pọ̀ kí edu àti irin agbègbè Wrexham lè rọ́nà dé òkun. Owó kò gbè wọ́n. Apá tó yẹ kó ti Trevor lọ sí Wrexham àti Chester kò parí rárá, bẹ́ẹ̀ ni kánáàlì náà ṣe dúró lójijì sí Trevor. Èbúté tí wọ́n ti ń yá ọkọ̀ lónìí, ibi tí iṣẹ́ ti dá dúró ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ni.

Kí wọ́n tó dé Trevor gan-an, àfonífojì odò Dee ti kọ́kọ́ dí wọn lọ́nà. Ọ̀nà tí kánáàlì máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀ ni àwọn ilẹ̀kùn omi: wọ́n á ti ọkọ̀ mọ́ inú àpótí òkúta kan, wọ́n á jẹ́ kí omi inú rẹ̀ fà, ọkọ̀ á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú omi, wọ́n á sì ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n fi èyí sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àfonífojì Dee, kí wọ́n tún fi gun òdìkejì, omi tí wọn yóò máa fi ṣòfò kò ní níye. Ẹnjiníà àgbà wọn, William Jessop, àti Thomas Telford tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, wá pinnu pé kí omi gba òfuurufú kọjá.

Ọmọ darandaran ni Telford. Wọ́n bí i ní Scotland ní ọdún 1757, bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́, iṣẹ́ gbígbẹ́ òkúta ló sì kọ́ kó tó di ẹnjiníà. Ó mọ òkúta dáadáa, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ òkúta àti amọ̀ ló fi ṣe ojú omi náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti ń ṣe, ìwúwo rẹ̀ ì bá béèrè òpó tó nípọn kọjá ààlà. Ó wá fi irin dídà ṣe é, ọpọ́n gígùn kan tó fi mítà 307 gùn, ó sì gbé e lé orí òpó òkúta 18. Lókè, inú àwọn òpó náà ṣófo kí ìwúwo wọn lè dín kù. Ilé ìdárin William Hazledine tó wà nítòsí ni wọ́n ti da irin náà. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ ọ́ títí dòní pé aṣọ irun àgùntàn Wales tí wọ́n rì sínú ṣúgà gbígbóná ni wọ́n fi dí ojú ìsopọ̀ irin, kí omi má bàa jò. Wọ́n ṣí afárá náà ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 1805, lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá, ó sì ná wọn ní nǹkan bíi 47,000 pọ́n-ùn. Pontcysyllte ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2009, àjọ UNESCO kọ òun àti máìlì 11 kánáàlì tó yí i ká sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Ẹni tó bá tukọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ mọ ohun kan ṣáájú. Ọ̀nà ẹsẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, irin ìdúró sì wà lára rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kò sí nǹkan kan. Etí ọpọ́n irin náà yọ díẹ̀ sókè omi, lẹ́yìn rẹ̀ òfuurufú ló kù, odò Dee àti pápá bọ́ọ̀lù sì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ kò lè yà kúrò nínú ọpọ́n náà, nítorí náà kò séwu fún ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn ọmọdé ni kí wọ́n wà nínú ilé ọkọ̀ títí wọn yóò fi sọdá, kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan sì mú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ibi gíga bá ń kọ́ lójú lè sọ̀ kalẹ̀, kó gba ọ̀nà ẹsẹ̀, kó sì pàdé àwọn tó kù ní òdìkejì. Yóò ti débẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé.

Ó ṣeé ṣe kí èèyàn máa rò pé afárá yìí ni ohun tó yẹ kí ètò ọjọ́ náà dá lé. Rárá o. Omi abẹ́ ọkọ̀ ni.

Omi ọ̀pọ̀lọpọ̀ kánáàlì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣàn débi tí èèyàn á fura. Èyí ń ṣàn. Ní Llantysilio, lókè Llangollen, Telford mọ ìsédò kan tó tẹ̀ bí irin pátákò ẹṣin sí orí odò Dee, èyí tí wọ́n parí ní ọdún 1808, kó lè máa fa omi sínú kánáàlì. Horseshoe Falls ni wọ́n ń pè é. Omi yẹn kọjá Llangollen, ó gba Trevor, ó gba orí afárá méjèèjì, ó sì lọ títí dé adágún Hurleston nítòsí Nantwich, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di omi ẹ̀rọ tí àwọn ará Cheshire ń mu. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 gálọ́ọ̀nù ló ń gba ibẹ̀ kọjá lójúmọ́.

Omi mímu yìí náà ló gba kánáàlì ọ̀hún lọ́wọ́ ikú. Ní ọdún 1944, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tó ni ín gba àṣẹ lọ́dọ̀ Ilé Aṣòfin láti ti ọ̀pọ̀ kánáàlì rẹ̀ pa, èyí sì wà lára wọn. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ níbòmíràn ti di kòtò tí koríko kún, àwọn mìíràn ti di ojú títì. Ṣùgbọ́n wọn kò lè dí ọ̀nà tí omi àwọn ènìyàn ń gbà kọjá. Ní ọdún 1944 yẹn kan náà ni òǹkọ̀wé L. T. C. Rolt tẹ ìwé Narrow Boat jáde, tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ẹwà tó ń parẹ́ lọ lórí omi; nígbà tó di 1946, òun àti Robert Aickman wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Inland Waterways Association sílẹ̀ láti jà fún àwọn kánáàlì. Òfin ìrìnnà ọdún 1968 ló wá fi kánáàlì Llangollen sí ipò omi tí ọkọ̀ fàájì lè máa rìn títí láé. Ó yẹ kí ẹni tó bá yá ọkọ̀ níbẹ̀ mọ̀ pé àwọn kan jà kí ọjọ́ ìgbádùn òun tó ṣeé ṣe.

Kí ni ìṣàn omi wá ní í ṣe pẹ̀lú ètò? Ohun gbogbo ni. Láti Trevor lọ sí Chirk, ọkọ̀ ń bá omi lọ. Láti Chirk padà sí Trevor, ó ń kọjú ìjà sí omi, pàápàá nínú àwọn ihò abẹ́ òkè àti lórí afárá, níbi tí àyè ti há, tí omi kò rí ibòmíràn gbà ju ìhà ọkọ̀ lọ. Ẹ́ńjìnì á máa ké, ọkọ̀ á máa fà. Ẹni tó bá pín wákàtí rẹ̀ sí méjì ọgbọọgba, ìdajì fún àlọ, ìdajì fún àbọ̀, yóò pẹ́ dé, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ á sì gba owó ìpẹ́dé lọ́wọ́ rẹ̀ bí àdéhùn wọn bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ká ní ilé-iṣẹ́ fi ọkọ̀ lé àwọn tó yá a lọ́wọ́ ní agogo 9 àárọ̀, tí wọ́n sì ní kó dé padà ní agogo 5 ìrọ̀lẹ́. Wákàtí 8 nìyẹn. Ìwé fífọwọ́sí àti ẹ̀kọ́ ìtukọ̀ yóò mú ìdajì wákàtí. Kí wọ́n fi wákàtí 2 àti ààbọ̀ sílẹ̀ fún àlọ, ó di agogo 12 ọ̀sán. Kí wọ́n jẹun, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán títí di agogo 1 àbọ̀. Kí wọ́n fi wákàtí 3 bọ̀, kí ìdajì wákàtí tó ṣẹ́kù wà fún dídúró de ọkọ̀ mìíràn ní ẹnu ihò. Bí agogo 12 bá lù tí wọn kò tíì dé ibi tí wọ́n ń lọ, kí wọ́n yí padà ní ibi ìyípadà tó bá súnmọ́ wọn jù. Aago ló ń pàṣẹ, kì í ṣe ibi tí wọ́n fẹ́ dé.

Ọkọ̀ kì í sì í yí padà níbikíbi tó bá wù ú. Kánáàlì náà tóóró, ọkọ̀ náà gùn. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń yá fún ọjọ́ kan sábà máa ń gùn ju fífẹ̀ omi lọ. Ibi kọ̀ọ̀kan wà tí àwọn tó gbẹ́ ẹ ti fẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí àtiyí ọkọ̀ padà, ilé-iṣẹ́ á sì fi wọ́n hàn lórí àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n bá fún wọn. Kí ẹni tó ń ṣètò fi bírò yí ibi méjì ká lórí àwòrán yẹn kí ọkọ̀ tó ṣí: èyí tó jìnnà, àti èyí tó súnmọ́ tí wọn yóò lò bí ọjọ́ bá le. Kí wọ́n sì yí ọkọ̀ padà kí wọ́n tó so ó mọ́lẹ̀ láti jẹun, kí ojú rẹ̀ ti kọ ilé nígbà tí gbogbo wọn bá yó tán.

Iye ènìyàn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a sọ síta, nítorí a mọ ara wa. Ètò ènìyàn mẹ́jọ ní ilé Yorùbá, bí ilẹ̀ bá mọ́, ó lè ti di mẹ́rìnlá: ọ̀rẹ́ ìyàwó ń bọ̀, àbúrò ọkọ gbọ́ sí i, ọmọ aládùúgbò ń sunkún. Lórí omi, kò ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọlọ́jọ́ kan kì í gbà ju ènìyàn 10 tàbí 12 lọ, ọmọ ọwọ́ náà sì wà nínú iye yẹn. Bí èrò bá ti ju 12 lọ, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọkọ̀ náà di ọkọ̀ akérò, tó nílò ìwé ẹ̀rí ààbò ọ̀tọ̀ àti ọ̀gá ọkọ̀ tó ní ìwé àṣẹ. Wọ́n á ka ènìyàn ní èbúté, ẹni tó bá lé kò ní wọlé. Kí wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n sì dúró lórí rẹ̀.

Nípa ìtukọ̀, kò sí ìwé àṣẹ kankan tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá yá ọkọ̀ lórí kánáàlì. Ilé-iṣẹ́ ló ń kọ́ wọn, ẹ̀kọ́ náà kò sì le, àfi kí wọ́n má kánjú níbẹ̀. Ọ̀pá ìtọ́kọ̀ wà lẹ́yìn. Bí atukọ̀ bá tì í sí òsì, imú ọkọ̀ yóò yà sí ọ̀tún. Bó bá tì í sí ọ̀tún, imú yóò yà sí òsì. Yóò máa dà á láàmú níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ á mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ kò ní búrékì. Jíà ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń dá a dúró, ó sì máa ń pẹ́ kó tó gbọ́. Bí ẹ́ńjìnì bá sì dákẹ́ pátápátá, ọ̀pá ìtọ́kọ̀ kò ní agbára mọ́, nítorí omi tí àjẹ̀ ẹ́ńjìnì ń tì sẹ́yìn ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ní ojú títì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òsì ni mọ́tò ń gbà. Lórí omi, ọ̀tún ni ọkọ̀ ń yà sí bí méjì bá pàdé. Awakọ̀ tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló máa ń ṣe àṣìṣe yìí jù.

Máìlì 4 ní wákàtí kan ni òfin fi dí eré. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọkọ̀ kì í sáré tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n bá so ọkọ̀ mìíràn mọ́ etí omi, kí wọ́n rọra gan-an, nítorí àwọn ènìyàn ń gbé inú púpọ̀ nínú wọn, ìgbì tí ọkọ̀ tó ń kọjá bá dá lè fa irin tí wọ́n fi so ọkọ̀ wọn tu nínú ilẹ̀, kó sì da omi gbígbóná sí wọn lára nídìí sítóòfù.

Lẹ́yìn Pontcysyllte, ọkọ̀ yóò kọjá abúlé Froncysyllte, kó tó kan ihò Whitehouse, tó gùn tó mítà 175. Ihò Chirk ló tẹ̀ lé e, mítà 420. Kò sí iná nínú wọn, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì lè gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n tan iná iwájú ọkọ̀, kí ẹnì kan wo inú ihò kí wọ́n tó wọlé. Bó bá rí iná tó ń bọ̀, kí wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe na ọwọ́ tàbí orí síta, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó sórí òrùlé. Omi máa ń kán láti òkè, nítorí náà fìlà wúlò.

Bí wọ́n bá yọ sí ìmọ́lẹ̀, afárá Chirk ló wà níwájú wọn. Ọdún 1801 ni wọ́n parí rẹ̀, ó fi mítà 21 ga ju odò Ceiriog lọ, ọ̀nà mẹ́wàá tó tẹ̀ bí òṣùmàrè ló sì gbé e dúró. Òkúta ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irin ló wà nísàlẹ̀ omi rẹ̀, èyí tó fi hàn pé níbí ni àwọn ẹnjiníà náà ti ń dán irin wò kí wọ́n tó fọkàn tán an pátápátá ní Pontcysyllte. Afárá ọkọ̀ ojú irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ga jù ú lọ. Ọdún 1848 ni wọ́n kọ́ ọ. Èyí tó fa ẹrù kúrò lórí omi ló dúró tì í yẹn, bí ọkọ̀ ojú irin bá sì ń kọjá lọ́wọ́, àwọn ọmọdé inú ọkọ̀ á juwọ́ sí àwọn èrò òkè. Ní ìgbẹ̀yìn afárá, wọ́n ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní gbogbo ọ̀nà yìí, láti Trevor títí kọjá Chirk, kò sí ilẹ̀kùn omi kankan. Èyí àkọ́kọ́ wà níwájú lọ́hùn-ún, ní New Marton. Ìdí nìyí tí a fi yàn án fún àwọn tí kò tukọ̀ rí. Ilẹ̀kùn omi kò burú, ṣùgbọ́n ó gba agbára, ó ń jẹ àkókò, ó sì lè pa ọkọ̀ rì bí atukọ̀ bá jẹ́ kí ẹ̀yìn ọkọ̀ kọ́ orí pèpéle òkúta inú rẹ̀ nígbà tí omi ń fà.

Àwọn kan á béèrè pé, kí ló dé tí wọn kò fi lọ sí Llangollen fúnra rẹ̀, tó jẹ́ máìlì 4 péré sí Trevor? Ìlú náà dára gan-an. Lẹ́yìn tí ogun àgbáyé kejì parí, ní ọdún 1947, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún orin àgbáyé níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é lóṣù keje títí dòní. Luciano Pavarotti wá kọrin níbẹ̀ ní 1955 pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin bàbá rẹ̀ láti Modena, wọ́n sì gba ipò kìíní. Ṣùgbọ́n ọ̀nà omi ibẹ̀ kọjú sí ìṣàn láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ibì kan sì wà tí wọ́n gbẹ́ gba inú àpáta tí ọkọ̀ méjì kò lè pàdé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn ṣáájú láti wò bóyá ọ̀nà ṣófo. Èrò wa ni pé kí ẹni tó ń tukọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ fi èyí sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Kó má sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún orin náà, nítorí ìlú máa ń kún bámúbámú nígbà yẹn.

Oúnjẹ rọrùn. Kí wọ́n sè é nílé: ìrẹsì jọlọ́ọ̀fù nínú kúlà, móínmóín, ẹran díndín, omi púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní sítóòfù kékeré tí wọ́n lè fi gbóná omi tíì, ó sì ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo olùgbọ́ wa gbọ́ ketekete ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé iná èédú wọ inú ọkọ̀ láti sun súyà, ì báà ṣe èyí tí wọ́n ti paná rẹ̀. Èédú tó ń kú lọ ṣì ń tú èéfín olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, ó sì ti pa àwọn tó sùn lọ nínú ọkọ̀ àti nínú àgọ́ rí. Bí súyà bá pọn dandan, kí wọ́n sun ún nílé.

Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì wà fún gbogbo wọn, kí wọ́n béèrè ti ọmọdé nígbà tí wọ́n bá ń sanwó, kí èyí tó bá wọn mu lè wà nílẹ̀. Òfin Èkó ti fi dandan lé e fún èrò ọkọ̀ ojú omi, nítorí náà kò ṣàjèjì sí ẹni tó ti ti Ìkòròdú wọkọ̀ rí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, omi kánáàlì kò ju àyà àgbàlagbà lọ, ṣùgbọ́n ó tutù, ẹrẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Bí ẹnì kan bá jábọ́, kí atukọ̀ mú jíà kúrò lójú ẹsẹ̀ kí àjẹ̀ má bàa yí mọ́. Kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn rìn lọ bá a. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbá ògiri, kó gbá a; kí ẹnikẹ́ni má fi ẹsẹ̀ dá a dúró. Irin ni ara rẹ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn kì í ṣe irin. Kí wọ́n fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n sì fi báńdéèjì bo ojú egbò, torí ìtọ̀ eku inú omi lè kó àrùn ran ènìyàn. Atukọ̀ kò gbọ́dọ̀ mu ọtí títí ọkọ̀ yóò fi padà dé èbúté.

Láti Ọdún Àjíǹde títí dé oṣù kẹwàá ni àkókò tó dára. Ní ìgbà òtútù, àjọ tó ni omi máa ń ti apá kan pa láti tún un ṣe, ìkànnì wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń sọ ibi tí wọ́n tì àti ọjọ́ tí wọn yóò ṣí i. Kí wọ́n wo ìkìlọ̀ yìí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sanwó, kí wọ́n tún wò ó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bèbè kánáàlì lè ya. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1945, ó ya nítòsí Llangollen, omi gbá ilẹ̀ abẹ́ ojú irin lọ, ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ já sínú ọ̀gbun náà, awakọ̀ rẹ̀ sì kú. Òjò kì í dá ọkọ̀ dúró, àfi kí atukọ̀ ní aṣọ òjò tó dáa. Atẹ́gùn ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rù jù, torí ó máa ń ti ọkọ̀ mọ́ bèbè, kò sì sí ohun tó lè dí i lórí Pontcysyllte.

Ẹni tí kò bá fẹ́ tukọ̀ rárá kò pàdánù. Ní èbúté Llangollen, ẹṣin ṣì ń fa ọkọ̀ àwọn àlejò ní etí omi gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe láti ọdún 1884, àwọn ọkọ̀ akérò tó ní ọ̀gá ọkọ̀ sì wà tó ń gbé ènìyàn gba orí afárá ńlá náà kọjá. Ìdílé tó bá pọ̀ ju 12 lọ, èyí ló bá wọn mu. Wọ́n tún lè fi ẹsẹ̀ rìn lórí Pontcysyllte láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ti owó yíyá ọkọ̀, ó ń yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn. Òpin ọ̀sẹ̀ àti ọlidé àwọn ọmọ iléèwé ló máa ń wọ́n jù. Ẹni tó bá fẹ́ ọjọ́ Sátidé lóṣù kẹjọ, kó ti máa pè wọ́n láti ìgbà Àjíǹde, kó béèrè bóyá epo dísẹ́ẹ̀lì wà nínú owó náà, iye owó ìdúró tí wọ́n máa dá padà, àti wákàtí tí wọ́n retí ọkọ̀ wọn.